Ẹ̀jẹ̀ Fífọ̀ àti Àrùn Iṣan Ọkàn



A gbọ́ pé ní Jámánì, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe. Àwọn kan wá ń béèrè pé: ṣé àgbo tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe é ni? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣan ni ọkàn, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí àrùn bá mú iṣan yìí, á fẹ̀ bí àpò tó ti dẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Kòkòrò àrùn lè fà á, ọtí àmujù lè fà á, a sì lè jogún rẹ̀. Lára àwọn aláìsàn kan, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí dókítà ń pè ní antibody, ti ṣìnà: wọ́n fi kòkòrò sílẹ̀, wọ́n ń da ọkàn láàmú bí ẹni ń na ẹṣin tó ti rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gba inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà á ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, á sẹ́ antibody kúrò nínú rẹ̀, á sì dá a padà sára. Ọmọ ogun rere ń bá búburú lọ, nítorí náà wọ́n máa ń fa ti àwọn ẹlòmíràn tó ní ìlera sí i. Ara àwọn kan yá sí i, ṣùgbọ́n títí di òní, ìtọ́jú náà kò tíì di ti gbogbo ilé ìwòsàn.

Àgbo kò ní asẹ́. Ẹni tó bá ń mu ún dípò lílọ sọ́dọ̀ dókítà, àkókò ló ń fi ṣòfò.

Àrùn iṣan ọkàn kò jìnnà sí wa. Ní 1974, àwọn dókítà tó wà ní Zaria kọ̀wé lórí èyí tó ń mú abiyamọ. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹsẹ̀ bá wú lẹ́yìn ìbímọ, tí èémí kò délẹ̀, tí ẹ kò lè sùn láìgbé ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí, ẹ má pè é ní àárẹ̀ ọmọ bíbí, ẹ má sì pè é ní iṣẹ́ ọ̀tá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn. Oògùn wà ní Nàìjíríà, ọkàn ọ̀pọ̀ abiyamọ sì ń padà bọ̀ sípò. Bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ ti fà, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín; kí ẹ sì tó tún lóyún, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà. Àmín.