Puyi, Ọmọdé tí ó Jọba

Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ ọdún méjì ni Puyi nígbà tí ó jọba ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1908. Ọba Guangxu, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò bímọ. Cixi, olorì àgbà tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó yàn án. Tẹkúntẹkún ni wọ́n fi gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Alágbàtọ́ tí ó ń fún un lọ́mú ni ó bá a lọ sí ààfin.

Bàbá rẹ̀ di adelé. Ní ọjọ́ ìwúyè, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ìtẹ́, ó di Puyi mú. Ẹ wò ó, bàbá lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ lórí ìtẹ́!

Ní ọdún 1912, lẹ́yìn tí àwọn ológun dìtẹ̀, Longyu, opó Guangxu, fi oyè náà sílẹ̀ lórúkọ Puyi.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún mélòó ni Puyi nígbà náà?