Ẹ Má Fi Ẹni Tí Àrùn Ẹ̀dọ̀ Ń Ṣe Sílẹ̀ Lórí Ẹní

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti ń bá fínra tipẹ́, àti bí ara wọn ṣe lè tún gba okun.

Àwa pàápàá jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà sọ fún àgbẹ̀ kòkó kan láàrin wa pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àpá. A gbà á sílẹ̀ nídìí wíwọn kòkó, a sì ní kó má ṣe ìyọnu ìpàdé mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé omi ìwẹ̀ fún un. Inú rere ni gbogbo wa fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́fà tó pé, kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi kí a fà á lọ́wọ́. Nígbà tí físíò ilé ìwòsàn rí i, ó bi wá pé, “Ta ló ní kó máa dùbúlẹ̀?” A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Nígbà tí a bá jẹun, ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́. Nígbà tí a bá sùn, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ara. Kòkòrò hẹpatáítìsì B tàbí C, ọtí àmujù, tàbí ọ̀rá tó pọ̀ jù lára ẹ̀dọ̀ lè sọ ọ́ di alápàá, àká náà yóò sì kéré. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àìjẹun òru kan ṣoṣo dà bí ìgbà tí ẹni tí ara rẹ̀ dá kò bá jẹun fún ọjọ́ 2 sí 3. Ara yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan itan àti ti apá. Ó dà bí ẹni tí kò ní owó ìpamọ́ kankan nínú ẹgbẹ́, tó ń ta ọkọ́ àti àdá rẹ̀ jẹ. Ìdùbúlẹ̀ sì ń mú kí iṣan tètè tán sí i.

Bẹ́ẹ̀ iṣan wà lára ohun tó ń bá ẹ̀dọ̀ gba amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń da iyè aláìsàn rú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá tán yóò máa ṣubú, àrùn mìíràn yóò sì tètè mú un.

Láyé àtijọ́, àwọn dókítà pàápàá máa ń ní kí irú aláìsàn yìí dùbúlẹ̀, kó sì dín ẹ̀wà àti ẹyin kù. Èyí ti yí padà. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2019 ní kí oúnjẹ amúaradàgbà má dín ní gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò nílò gíráàmù 72 sí 90. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ̀wà, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti sóyà yóò kún un.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kó wò ó bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀nà ọ̀fun ti wú.

2. Ẹ máa rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi tó 30 lọ́jọ́ 5 láàrin ọ̀sẹ̀. Kí èémí yín gba yín láyè láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbà yín láyè láti kọrin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

3. Ẹ gbé àga ti ògiri, ẹ ká apá mọ́ àyà, kí ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe.

4. Ẹ má gbé àpò kòkó, ẹ má sì sé èémí láti fi ipá gbé nǹkan. Ó lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú bẹ́.

5. Ẹ jẹ nǹkan kí ẹ tó rìn, kí ẹ sì jẹ díẹ̀ kí ẹ tó sùn, bí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ má gba ààwẹ̀ láìbi dókítà. Ẹ jáwọ́ nínú ọtí pátápátá.

Bí aláìsàn bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ibà àti inú rírun bá mú un, kò sí eré ìdárayá níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

A kò ní tàn yín: ìrìn kì í pa àpá ẹ̀dọ̀ rẹ́. Ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dá okun padà fún ènìyàn. Ẹ má sì bẹ̀rù láti rìn tàbí láti jẹun pẹ̀lú aláìsàn. Hẹpatáítìsì B kì í ràn nípa bíbọ ọwọ́ tàbí jíjẹun pọ̀.

Àgbẹ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìpàdé báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ kan sì máa ń bá a rìn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé àpò sórí ìwọ̀n. Òun ló jókòó nídìí ìwé, tó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Kí ló dé tí òru fi gùn fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní àpá?
2. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn, iṣẹ́ wo ni a sì lè dá padà fún un?
3. Ta ni yóò máa bá a rìn?