Líla Ojú Irin Kọjá ní Èkó

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, abúlé àti oko ni ó pọ̀ ní Múṣin, Òṣòdì àti Agége. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé òdìkejì a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni ìlú dàgbà yí ojú irin ká: ọjà bọ́ sí apá kan, ilé-ìwé bọ́ sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2021 ni ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Ìbàdàn. Ní ọdún 2024, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ láàrín Àgbàdo àti Òyìngbò. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, irin náà ni wọ́n ń tẹ̀. Bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ bíréèkì tagbáratagbára, ọkọ̀ tí ń sáré lè rìn tó kìlómítà 1 kí ó tó dúró. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ọkọ̀ kan bá ti ń kọjá, ó lè bo òmíràn tí ń bọ̀ láti òdìkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń kánjú kò ní rí i.

Nítorí èyí ni a fi mọ odi, tí a sì kọ́ afárá sí Yábà, Múṣin àti Ìkẹjà. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé ro ti ìyá tí ó pọn ọmọ, tí ó sì ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, tí ó dúró nídìí àtẹ̀gùn gíga, tí ó sì ń gbọ́ ariwo ọjà ní òdìkejì. Ti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ tún le jù, nítorí èjìká ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́. Bí ihò bá wà lára odi, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà. Ó yẹ kí a bá wọn wí, àmọ́ ìbáwí kò sọ àtẹ̀gùn di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, abẹ́ ojú irin ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbà. Afárá ní láti ga ju orí ọkọ̀ lọ, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kò sì ju kí ó gba ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, eré tí ó bá wọlé ni yóò gbé e gòkè. Ní Èkó, omi ni ọ̀tá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀; bí kò bá ní ojú àgbàrá tí ó péye, odò ni yóò dà ní oṣù kẹfà. Ó kù kí a fi ọ̀nà tí ń dagun díẹ̀díẹ̀ kún àtẹ̀gùn afárá. Bí afárá bá ga ní mítà 6, tí ọ̀nà náà sì ń gòkè ní mítà 1 nínú 20, yóò gba mítà 120 ilẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ni ó kún ẹ̀gbẹ́ ojú irin.