Bíríkìlà wà nínú ilé, gáùn wà lórí másíìnì

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Sábọ̀n Gàrí ní Kánò níbí ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ilé àtijọ́ ni, páànù rẹ̀ ti jẹrà, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti là káàkiri. Lọ́dún yìí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi dáwó jọ, a ní ká tún un ṣe: páànù tuntun, ògiri tí a óò tún rẹ́, táìlì ní gbogbo yàrá. Bíríkìlà ti wọlé, a ò sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde.

Àárín èyí ni àbúrò mi obìnrin wá sọ pé òun ń ṣègbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fún wa ní Ańkárá aṣọ ẹbí, yáàdì mẹ́fà. Mo mọ aṣọ rán díẹ̀, ara mi nìkan ni mo sì máa ń rán an fún, ni mo bá ní kí n fúnra mi rán gáùn gígùn kan tó fún mọ́ra. Mo gé e, mo rán an pọ̀. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́, àyà fà, ẹ̀yìn kó jọ sókè ìdí, ìsàlẹ̀ sì wọ́. Mo tú u, mo tún un rán, kàkà kó sàn, ńṣe ló ń burú sí i. Eruku sìmẹ́ńtì ti bo másíìnì mi. Ọkọ mi ní ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, pé kí n gbé aṣọ náà fún télọ̀. Ṣé kí n gbà fún un ni, àbí ọ̀nà ṣì wà?

Aránṣọ Inú Eruku, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

ÌDÁHÙN

Aránṣọ Inú Eruku, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àtúnṣe ilé. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé bàbá yín náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n eku kankan ò tíì sá lọ. Gáùn yẹn ò tíì bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má tú u mọ́, ẹ má rán an mọ́, títí ẹ ó fi rí yàrá kan tó mọ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú, àti ẹnìkan tó lè bá yín gún pínnì sí ẹ̀yìn. Kò sí aránṣọ, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, tó lè wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń yíjú wo ẹ̀yìn nínú díńgí, bí ẹ ṣe ń yí yẹn gan-an ni aṣọ ṣe ń lọ́, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Níbo lẹ dúró sí nígbà tí ẹ wọ̀ ọ́ wò? Bó bá jẹ́ yàrá tí wọ́n ti hú ilẹ̀ rẹ̀ de táìlì ni, ẹsẹ̀ yín kan ga ju èkejì lọ, ìdí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aṣọ náà bá a tẹ̀. Ẹ̀yin á máa gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló wọ́. Láti ilẹ̀ la ti ń wọn etí gáùn gígùn lọ sókè, a kì í wọ̀n ọ́n láti ìbàdí wá sílẹ̀, òun ló sì ń kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Tó bá yá, ẹ lọ sílé aládùúgbò tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ wọ bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ sóde gan-an, kí ẹnìkan mú rúlà kó wọ̀n ọ́n yí yín ká. Ẹ̀yin ẹ má yí o; ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ni kó yí.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ fojú sí ara gáùn náà, èjìká ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gáùn fi ń rọ̀. Ẹ wọ kọ́mú tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti rọ̀ àti èyí tó ṣì le kì í gbé ọmú sí ojú kan náà. Bí ojú ìránpọ̀ èjìká bá yọ̀ sórí apá, tàbí tó ń fà sí ọrùn, ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan àyà. Ọ̀pọ̀ gáùn ni mo ti rí tí wọ́n tú àyà rẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ èjìká ni àìsàn wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn ìlà tó fà lára aṣọ. Ibi tí aṣọ ti fún ni ìlà máa ń nawọ́ sí. Bó bá fà gbọọrọ láti orí ọmú lọ sábẹ́ abíyá, àyà ló kéré. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé ìbàdí, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo iye tó là sílẹ̀. Iye yẹn ni ẹ máa fi kún un, kí ẹ tún wá fi nǹkan bí ínǹṣì méjì sí gbogbo àyípo àyà fún mímí, torí Ańkárá kì í nà. Bí àlàwáǹsì tó wà nínú ojú ìránpọ̀ rẹ̀ ò bá tó, yáàdì mẹ́fà kì í sábà tán sára gáùn kan: ẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn nínú èyí tó kù, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ láti abẹ́ apá dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé sítáìlì ni. Bí kò bá sì kù rárá, ẹ lọ sí ọjà aṣọ Kántìn Kwárì, ṣùgbọ́n kí ẹ mú ègé rẹ̀ dání, kí ẹ fi wé e nínú oòrùn. Àwòrán lè jẹ́ ọ̀kan náà kí àwọ̀ má bára mu, bí kò bá jẹ́ ìgbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ wọ́n.

Ti ẹ̀yìn tó kó jọ yẹn, ẹ má tíì fi síṣọ́ọ̀sì kàn án. Ohun méjì ló lè fà á, wọ́n sì jọra lójú. Ó lè jẹ́ pé aṣọ fún ní ìdí, kò ráyè sọ̀kalẹ̀, ló bá gun òkè. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ gùn jù. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ níbi ìdí nìkan. Bí ìkójọ náà bá wálẹ̀, ìdí ló fún, ẹ fi àyè sí i. Bí kò bá wálẹ̀, kí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ fi pínnì ká èyí tó lé ní ìbàdí ní ìdábùú, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé ẹ̀yìn nígbà tó jẹ́ ìdí ló fún, gáùn rẹ̀ ti kúrú nìyẹn.

Bíríkìlà yín ní ohun kan tí ẹ lè yá lọ́wọ́ rẹ̀: okùn tí wọ́n so irin mọ́, èyí tó fi ń wò ó bí ògiri bá nàró. Bí ẹ ò bá fẹ́ yá a, ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ òwú, ẹ fi pínnì kọ́ ọ mọ́ àárín ọrùn gáùn níwájú, kó rọ̀ sílẹ̀. Àárín gáùn gbọ́dọ̀ bá òwú yẹn lọ. Bó bá yà, èjìká yín kan ló ga ju èkejì lọ, tàbí ìdí kan ló yọ ju èkejì. Púpọ̀ nínú wa la rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àrùn; ẹ kàn gbé aṣọ sókè díẹ̀ ní èjìká tó rẹlẹ̀.

Ẹ má sì ṣe dúró gbọnrangandan nìkan kí ẹ ní ó ti dáa. Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ń lọ. Ẹ máa kúnlẹ̀ kí àwọn àna àti àwọn àgbà, ẹ máa gbé apá sókè wé gèlè, ẹ máa jó, ẹ sì máa náwó lé ìyàwó lórí. Nítorí náà, ẹ kúnlẹ̀ nínú rẹ̀ nílé, kí ẹ sì dìde láì di ẹnikẹ́ni mú. Bí orúnkún ò bá ráyè, ẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ sókè sí i. Obìnrin tí gáùn ò jẹ́ kó kúnlẹ̀ lóde ìyàwó, gbogbo ẹbí ni yóò sọ ọ́. Àti pé ẹni tó ń kó táìlì, tó ń dáná fún lébírà, tí kì í jẹun lásìkò, ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ fi àlàwáǹsì ínǹṣì kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gé e kúrò.

Ó ku eruku. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo ọyẹ́ kan ní Kánò mọ̀ pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku ń wọlé láìsí bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ti sìmẹ́ńtì yàtọ̀, torí bí omi bá kàn án, ó ń le, ó sì ń jẹ nǹkan. Bó bá bà lé aṣọ, ẹ gbọ̀n ọ́n nù ní gbígbẹ, ẹ má fi ọwọ́ tútù pa á. Ẹ ṣí ìdí bọ́bìn másíìnì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a mọ́, ẹ kán epo másíìnì sí i, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi àkísà rán kí ẹ tó gbé Ańkárá sábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti ṣíwọ́, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Imú tiyín náà ńkọ́? Eruku táìlì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé léwu fún ẹ̀dọ̀fóró ju bí a ṣe rò lọ. Kí wọ́n máa gé e níta, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú.

Ní ti télọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni mo gbà. Láti nǹkan bí ọdún 1911 tí ojú irin ti dé Kánò, tí ìjọba òyìnbó sì ya Sábọ̀n Gàrí sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti Gúúsù, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ò lè wá télọ̀ tì ní àdúgbò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ fún un. Ẹ sanwó fún un kó wá gún pínnì sí i lára yín nìkan, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ fúnra yín rán an. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi náà, ẹlòmíràn ló ń bá mi wọn ẹ̀yìn.

Lónìí, ẹ bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, kó parí yàrá kan ṣoṣo fún yín ná, kó rẹ́ ẹ, kó tẹ́ táìlì rẹ̀, kí ẹ tilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé másíìnì sí. Bó bá sì ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó tí yàrá náà ò tíì parí, ẹ gbọ́ ti ọkọ yín, ẹ gbé gáùn náà fún télọ̀.