Ta ló sọ kòkó lórúkọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, èmi àti ará ilé mi kan ń jiyàn lórí kòkó tí wọ́n ń kó gba èbúté Àpápá lọ sókè òkun. Ó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni, pé torí bí èso rẹ̀ ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi bíi kókó ni àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ní Òyìnbó ló mú un wá. Ta ló jàre?
Òǹkàwé yín, Ajégúnlẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ yíyá ni Òyìnbó pàápàá yá a.

Àárín àti gúúsù Amẹ́ríkà ni igi kòkó ti ṣẹ̀. “Kakaw” ni àwọn Maya ń pè é. Ní 1984, wọ́n hú ìkòkò kan jáde nínú ibojì ní Río Azul, ní ilẹ̀ Guatemala. Ó ti lé ní 1,500 ọdún, orúkọ yìí wà lára rẹ̀, ohun tó sì gbẹ mọ́ inú rẹ̀, kòkó ni. Àwọn Aztec ń pè é ní “cacahuatl”, àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di “cacao”, Gẹ̀ẹ́sì wá yí i sí “cocoa”.

Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. “Cacau” ni àwọn Potogí ń pè é; ká ní àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́ ni, ìró “a” ì bá wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà gbè é lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ńlá nílẹ̀ Èkó ni Kápútéènì J.P.L. Davies, Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀, tó sì kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìjàn, nítòsí Agége, ló dá oko náà sí ní nǹkan bí 1880. Àwọn alágbàṣe tó ṣiṣẹ́ lóko Agége ló mú irúgbìn lọ sílé, wọ́n sì mú orúkọ rẹ̀ dání. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà ṣí fún kòkó láti gba ibẹ̀ wá sí Èkó. Ní 1926, èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá.

Ní ti àlàyé ará ilé yín, ó dùn létí, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ kò gbè é. Kókó ni ti ara igi, kókò ni èyí tí à ń sè jẹ bí iṣu, kòkó ni ti àwọn tó ń ṣòwò ní Àpápá. Orúkọ nìkan la sì yá: à ń ká a, à ń fọ́ ọ, à ń sá a, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Láìsí àmì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan, iyàn yín kò sì ní tán.