Òpó tẹlifóònù lè wọn òjò

Ẹ̀yin ará, ẹ wo òpó tẹlifóònù tí ó wà nítòsí ìlú yín dáadáa. Ní òkè rẹ̀, ẹ ó rí àwọn nǹkan funfun gígùn bí pákó tí a nà ró. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń bá fóònù ọwọ́ wa sọ̀rọ̀. Lórí òpó púpọ̀, ẹ ó tún rí nǹkan róbótó bí ojú ìlù. Òun kì í bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Òpó mìíràn tí ó wà lọ́nà jíjìn ni ó kọjú sí. Nǹkan bí ìlù yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí, nítorí ó lè mọ̀ bí òjò bá ń rọ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Bí ẹ bá wà ní Kétu tí ẹ ń bá ọmọ yín ní Kútọnu sọ̀rọ̀, ohùn yín kì í fò lọ bá a tààrà. Ó kọ́kọ́ dé òpó tí ó súnmọ́ yín. Òpó yẹn sì lè jù ú sí òpó mìíràn, bí àwọn tí ń kọ́lé ṣe ń ju bíríkì sí ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ń gbé e lọ ni ìgbì rédíò. A kò lè fi ojú rí i, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ náà ni ó ń gbé ìròyìn rédíò wá sínú ilé wa.

Ẹ rántí alẹ́ tí òjò ńlá ń rọ̀ tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lọ jìnnà. Ẹ̀kán òjò gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, ó sì fọ́n ìyókù ká. Ohun tí òjò ń ṣe sí ìgbì tí ń lọ láti òpó dé òpó nìyẹn. Bí òjò bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó dé òpó kejì yóò ṣe dín kù tó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti mọ èyí tipẹ́. Lójú tiwọn, òjò ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni. Nítorí náà ẹ̀rọ wọn máa ń kọ agbára tí ó dé sílẹ̀, níbi púpọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Tel Aviv, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, fi hàn pé àkọsílẹ̀ yìí wúlò fún nǹkan mìíràn. Bí a bá mọ iye agbára tí ó sọnù lọ́nà, a lè ṣírò iye òjò tí ó rọ̀ láàárín òpó méjì. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ Họ́láǹdì tẹ àbájáde tiwọn jáde. Wọ́n lo bíi 2400 irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti mọ ibi tí òjò ti rọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

Ṣùgbọ́n òjò Họ́láǹdì kì í ṣe òjò tiwa, tí ó máa ń bá ìjì àti àrá wá. Burkina Faso, aládùúgbò wa ní àríwá, ni wọ́n ti dán an wò ní apá tiwa. Ní àkókò òjò ọdún 2012, Ali Doumounia, François Zougmoré, Marielle Gosset àti ẹgbẹ́ wọn lo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Telecel Faso. Òpó méjì ni wọ́n lò, 29 kìlómítà ni ó wà láàárín wọn. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n òjò síbẹ̀ pẹ̀lú, láti fi ọ̀kan wé èkejì. Nínú ọjọ́ òjò 100, òpó náà mọ bíi 95. Èyí dára púpọ̀ fún ẹ̀rọ tí a kò ṣe nítorí òjò rárá.

Kí ni ó kan àgbẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tutù, gbogbo ènìyàn sáré gbìn. Lẹ́yìn náà, òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ó hù gbẹ. Ẹ tún lọ wá irúgbìn rà, àwọn mìíràn sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, pàápàá níhà Sahel, ní òṣùwọ̀n kan. Wọ́n ní kí òjò tó 20 mílímítà láàárín ọjọ́ 3 kí a tó gbìn, kí ọ̀dá má sì ju ọjọ́ 7 lọ nínú ọjọ́ 30 tí ó tẹ̀lé e. Ti ọ̀la, a kò lè rí i. Ṣùgbọ́n 20 mílímítà yẹn, a lè wọ̀n ọ́n, bí òṣùwọ̀n bá wà. Òṣùwọ̀n òjò ti ìjọba jìnnà sí ara wọn, òjò a sì máa rọ̀ ní oko ọkọ kí ó má kan oko ìyàwó. Ẹ̀rọ tí ń fò lókè ọ̀run, láti òkè ni ó ti ń wo ìkùukùu. Òpó tẹlifóònù ní tirẹ̀ ti wà ní ìlú àti abúlé púpọ̀.

Ìṣírò tí a ṣe nítòsí

Ìjì ńlá tí ń gbé òjò wá láti ìlà oòrùn lè rìn bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá kó àkọsílẹ̀ òpó lọ sí kọ̀ǹpútà kan ní ọ̀nà jíjìn, tí èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ìjì ti ṣí òrùlé lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré wà ní ìdí òpó gan-an, kí ó ṣe ìṣírò níbẹ̀, kí ó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́. Bí ìgbà tí olórí ọjà bá parí ẹjọ́ ní ọjà ni, tí kò gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ààfin.

Ní ọdún 2023, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, UIT, gbé ìlànà kalẹ̀ fún rẹsóò tuntun tí a ń retí ní nǹkan bí ọdún 2030. Nínú ìlànà náà, rẹsóò kò ní máa gbé ọ̀rọ̀ nìkan, yóò máa mọ ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: ṣé òpó náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ni? Láti wọn òjò, rárá. Agbára ìgbì nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹsóò tuntun yẹn yóò lè mọ ohun tí ń rìn kọjá, ìbáà ṣe ènìyàn tí kò mú fóònù lọ́wọ́. Ó yẹ kí òfin ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Ibi tí ó kù sí

Òpó kò lè sọ iye òjò tí ó rọ̀ sí oko yín gan-an. Àpapọ̀ ti gbogbo ọ̀nà láàárín òpó méjì ni ó ń sọ. Omi tí ó lẹ̀ mọ́ ojú ìlù náà lè mú kí òjò dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ri okùn mọ́lẹ̀ láàárín òpó méjì, kò sí ìgbì tí òjò yóò dí lọ́wọ́. Lójú tèmi, èyí tí ó le jù ni pé ilé-iṣẹ́ ni ó ni àkọsílẹ̀ náà. Bí wọn kò bá fún àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ láé. Ìjọba tí ń fún wọn ní ìwé àṣẹ lè bèèrè fún un.

Títí di ìgbà náà, ẹ lè wọn òjò fúnra yín. Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lọ sókè gbọnrangandan. Ẹ gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí igi àti ilé, kí ẹ sì fi òkúta há a mọ́lẹ̀. Ní aago 7 òwúrọ̀, ẹ ti rúlà àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì ka mílímítà tí omi dé. Bí òǹkà rúlà náà kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Mílímítà 1 túmọ̀ sí lítà omi 1 lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 1 tí ó sì gùn ní mítà 1.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Òpó mélòó ni ó wà ní agbègbè yín? Èwo nínú wọn ni ó ní nǹkan róbótó bí ìlù? Ìlú wo ni ó kọjú sí?

2. Ní ọjọ́ Ajé òjò jẹ́ 9 mílímítà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò rọ̀, ní ọjọ́rú ó jẹ́ 8 mílímítà. Ṣé ó ti tó 20? Ṣé ẹ ó gbìn?

3. Ta ni ó yẹ kí ó ni àkọsílẹ̀ òjò tí òpó bá kọ?