Okada Air: Ilé Iṣẹ́ Bàálù Tó Fi Orúkọ Sílẹ̀ fún Alùpùpù

"Ọ̀kadà! Igbó Elérin, èló?" Kí ẹni tó béèrè tó pa ẹnu dé ní Ìyànà Ìbà, ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ọlọ́kadà méjì mẹ́ta á ti kọjú táyà sí i. Láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ sí kíláàsì, oníṣòwò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Alábà, dáńfó sì ti dí ojú ọ̀nà pa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wa alùpùpù yìí ni a kò tíì bí nígbà tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà kógbá sílé. Ojú òfurufú ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti ń gbé èrò.

Okada Air ni orúkọ rẹ̀. Olóyè Gabriel Igbinedion, Ẹsama ti ìlú Bìní, ló dá a sílẹ̀ ní 1983. Okada ni ìlú olóyè náà, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ìlú Bìní ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó.

Kí nìdí tí ẹnì kan fi máa dá ilé iṣẹ́ bàálù sílẹ̀ nígbà yẹn? Ìdí ni pé èrò pọ̀, àga kò tó. Nigeria Airways, tí í ṣe ti ìjọba, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ bàálù láàárín ìlú. Èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó dé pápá ọkọ̀ òfurufú, kó má sì rí àga jókòó. Àwọn oníṣòwò ńlá rí àyè yìí. Kabo Air jáde ní Kánò, Okada Air jáde ní Bìní. Háyà ni Okada Air fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá lówó lè gba odidi bàálù kan, kí wọ́n gbé e lọ síbi tó bá fẹ́.

Bàálù tí wọ́n ń lò jù ni BAC One-Eleven, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ọdún 1963 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní, ẹ̀yìn, nítòsí ìrù, ni méjèèjì sì wà. Ohun tó mú un wúlò ní Nàìjíríà ni àtẹ̀gùn rẹ̀: ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, òmíràn sì ń yọ jáde lábẹ́ ìrù. Bó bá balẹ̀ ní pápá kékeré tí kò ní àtẹ̀gùn alágbèéká, kò sí wàhálà. Yóò na àtẹ̀gùn tirẹ̀ sílẹ̀, èrò á sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń mu epo gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń ta èyí tó ti gbó. Báyìí ni Okada Air ṣe ra BAC tó lé ní mẹ́wàá. Ó ní Boeing tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ní 1992, wọ́n fún un láyè láti máa fò lọ sókè òkun.

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò láti fi jẹun. Alùpùpù kì í dúró de gosiló. Nígbà yẹn, Okada Air ni gbogbo ayé mọ̀ tó ń yára gbéni débi tí à ń lọ, ni àwọn èrò bá fi orúkọ rẹ̀ pe alùpùpù. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Náírà tó já yìí kan náà ló di ẹrù sí àwọn oníbàálù lọ́rùn. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara bàálù, bẹ́ẹ̀ náírà ni èrò ń san. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti lé ní ọgọ́rin náírà kí èèyàn tó rí dọ́là kan rà lọ́jà. Bàálù tó ti gbó sì ń fẹ́ àtúnṣe ju tuntun lọ. Ìjàǹbá náà tún wáyé: ní Oṣù Kẹfà 1991, epo tán nínú BAC kan tí Okada Air ni, ó sì já wálẹ̀ nítòsí Sókótó. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Ní 1997, Okada Air dáwọ́ dúró.

Ní Oṣù Karùn-ún 2002, BAC One-Eleven ti ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn, EAS, já lu àwọn ilé ní Kánò, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìjọba fòfin de irú bàálù náà ní Nàìjíríà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nigeria Airways náà kógbá sílé.

Ọ̀kadà orí ilẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 2022, ìjọba Èkó lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ́ kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun ìrìnnà mìíràn ń bọ̀ wá sí àdúgbò náà: reluwé aláwọ̀ búlúù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Máìlì Méjì ní 2023, ni wọ́n ń ṣe ojú irin rẹ̀ bọ̀ ní Okokomáíkò.

Ìbéèrè

1. Ta ló dá Okada Air sílẹ̀, ọdún wo sì ni?
2. Kí ló mú kí àtẹ̀gùn BAC One-Eleven wúlò ní pápá kékeré?
3. Báwo ni náírà tó já ṣe ran ọlọ́kadà lọ́wọ́, tó sì ṣàkóbá fún oníbàálù?
4. Bí reluwé bá dé Okokomáíkò, iṣẹ́ wo ni yóò ṣẹ́ kù fún àwọn ọlọ́kadà àdúgbò ibẹ̀?